Ojú Irin Tí Bàbá Wa Fi Gọ́ọ̀mù Lẹ̀ Pa

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1943 ni a bí olóògbé, nínú yàrá ẹ̀yìn ilé kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ojú irin. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá tó bí wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ni bàbá tó bí bàbá wọn. Ẹni tó bá mọ ọwọ́ olóògbé kò ní béèrè ibi tí wọ́n ti jogún rẹ̀. Ìyá wọn ń yan búrẹ́dì tà. Ìyá náà kò ní aago; fèrè ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni aago wọn, bó bá sì ti dún, búrẹ́dì gbọ́dọ̀ ti kúrò nínú ààrò. Olóògbé ni ìkẹrin nínú ọmọ mẹ́fà, àwọn nìkan ni fèrè náà kì í jí, nítorí wọn á ti jí dúró dè é.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1950, wọ́n sì jáde ní ọdún 1957. Olùkọ́ wọn kọ ọ́ sínú ìwé ìjáde wọn pé ọmọ yìí mọ ìṣirò, ó mọ àwòrán yà, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gbà pé òun ṣi nǹkan ṣe. A rí ìwé náà nínú àpótí wọn lóṣù tó kọjá. A kà á, a sì pa á dé.

Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà díẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá wọn, wọ́n wọ iṣẹ́ rélùwéè ní ọdún 1961. Ilẹ̀ téṣàn ni wọ́n fi ọdún méjì gbá. Ní ọdún 1967 wọ́n di adarí ọkọ̀ ní téṣàn kékeré kan. Àwọn ló ń jókòó sí yàrá òkè tí fèrèsé yí ká, pẹ̀lú àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé àti ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ wákàtí ọkọ̀ sí. Níwájú téṣàn náà ni ojú irin ti pín sí méjì. Ọkọ̀ èrò ń lọ tààrà, ọkọ̀ ẹrù ń yà sí ẹ̀gbẹ́ lọ dúró. Ọ̀pá irin kan wà ní oríta náà tí adarí fi ń yí ojú irin padà, nílẹ̀, lẹ́yìn táńkì omi.

Ní ọdún 1969 wọ́n gbé ìyá wa níyàwó. Alágbàfọ̀ ilé ìwòsàn ni ìyá wa, obìnrin tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, tí kì í sì í gbé sítáàṣì rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Kò sí ọjọ́ kan tí Bàbá na ìyá wa, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n sùn síta.

Ẹni tí Bàbá jọ ń pín iṣẹ́ adarí ṣe ni gbogbo téṣàn ń pè ní Bàbá Onísùúrù. Wọ́n ní bí ilé bá ń jó, Bàbá Onísùúrù á kọ́kọ́ tẹ́ ibùsùn kí wọ́n tó jáde. Wọ́n fi ọdún mẹ́rin kéré sí Bàbá, ọ̀gá ni wọ́n sì ń pe Bàbá. Bàbá ń ṣe ti àárọ̀, Bàbá Onísùúrù á gbà á lọ́wọ́ wọn ní aago méjì ọ̀sán.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 1984, ọkọ̀ èrò tó yẹ kó lọ tààrà yà sí ẹ̀gbẹ́ ní oríta náà, ó sì lọ forí sọ ọkọ̀ ẹrù sìmẹ́ǹtì tó dúró níbẹ̀. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni. Èèyàn mẹ́rin kú: dírẹ́bà ọkọ̀ náà, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀, àti ọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé òkú rẹ̀. Bàbá Onísùúrù ló na àsíá ewé sí ọkọ̀ náà. Ìgbìmọ̀ jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá Onísùúrù ní, "Mo bá a bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi ọ̀gá mi." Wọ́n bi Bàbá wa. Bàbá wa ní, "Tààrà ni mo fi í sílẹ̀." Ìwé ńlá sì fi hàn pé Bàbá Onísùúrù ti buwọ́ lù ú, wọ́n ti gba iṣẹ́, kí ọkọ̀ tó dé. Wọ́n lé Bàbá Onísùúrù lọ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n di alábàárù ní ilé ìkẹ́rùsí. Àwọn kan kọ "apààyàn" sí ara ògiri ilé wọn, bí wọ́n bá sì kùn ún ní ọ̀dà, àwọn kan á tún un kọ. Ní ọdún 1986, wọ́n fi Bàbá wa ṣe ọ̀gá téṣàn. Bàbá Onísùúrù kú ní ọdún 1993, Bàbá wa sì wà lára àwọn tó gbé pósí wọn. Àwa ọmọ rò pé ọ̀rẹ́ ló ń ṣe ojúṣe ọ̀rẹ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọdún mọ́kànlélógún ni olóògbé fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìjọ. Ẹni tó bá pẹ́ ní ìṣẹ́jú kan yóò rí ojú wọn kó tó rí ti àlùfáà. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1984, wọn kò tún jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa mọ́. Bí àwo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn á na án sí ẹni tó kàn. Wọ́n ní wáìnì ń da inú àwọn rú. A gbà wọ́n gbọ́, àní a fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀.

Ní ti ìlú, àwọn ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1998, àràárọ̀ ni wọ́n ń dúró níbi tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń sọdá ojú irin, pẹ̀lú àsíá pupa, títí ẹsẹ̀ wọn fi kọ̀. Kò sí ọmọ kan tó fara pa níbẹ̀ lójú wọn.

Ọdún 1999 ni wọ́n gba yàrá àkọ́bí wọn, tó ti lọ sókè òkun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ rélùwéè kékeré sínú rẹ̀. Tábìlì tí wọ́n kàn fún un gba yàrá náà tán débi pé ẹ̀gbẹ́ lèèyàn fi ń wọlé. Àkọ́bí ló fi ọkọ̀ ojú irin ìṣeré àti irin rẹ̀ ránṣẹ́. Àbíkẹ́yìn, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná, ló bá wọn so wáyà rẹ̀. Ìyókù, ọwọ́ wọn ni. Ìwé ìròyìn tí wọ́n rẹ sínú sítáàṣì ni wọ́n fi mọ òkè. Wọ́n rẹ ebu igi tó jábọ́ lẹ́nu ayùn ní aró aláwọ̀ ewé, wọ́n fọ́n ọn sí orí gọ́ọ̀mù, ó di koríko. Fóòmù tìmùtìmù àtijọ́ tí wọ́n já wẹ́wẹ́ di ewé igi. Ìyá wa máa ń sọ fún àlejò pé, "Ẹ wá wo ibi tí ọkọ mi gbé sítáàṣì mi sí. Ó ti di òkè." Téṣàn àtijọ́ wọn gan-an ni wọ́n kọ́, pẹ̀lú yàrá òkè, táńkì omi, ojú irin ẹ̀gbẹ́ àti ọkọ̀ ẹrù tó dúró sórí rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ sọ wọ́n ní Bàbá Rélùwéè, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára.

Ohun méjì wà tí a rí tí a kò wádìí. Àkọ́kọ́ ni pé Bàbá máa ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ lórí tábìlì náà, wọn á di ojú kan, wọn á máa fi ìkejì wò láti inú fèrèsé yàrá òkè tí wọ́n kọ́, bóyá èèyàn lè rí ọ̀pá irin tó wà lẹ́yìn táńkì. Wọn á wò ó fún wákàtí kan. Èkejì ni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ oríta ojú irin náà pa, kò lè yà sí ẹ̀gbẹ́ láéláé. Ní ọdún 2009, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje fi ìka tì í, ó fẹ́ kí ọkọ̀ èrò lọ bẹ ọkọ̀ ẹrù tó dá dúró wò. Bàbá gbá a lọ́wọ́ débi pé ìka rẹ̀ wú. Ẹni tí kò na ọmọ rí! Lẹ́yìn náà ni wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá náà. A ní ọjọ́ ogbó ni.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí dókítà ti sọ ohun tó sọ, Bàbá pe ọmọ wọn obìnrin tó jẹ́ àárín, olùkọ́, ẹni tó ń kọ ìwé yìí. Wọ́n ní kó gbé ọ̀bẹ ka iná, kó fi yọ gọ́ọ̀mù kúrò ní oríta náà. Ó yọ ọ́. Bàbá na ìka, wọ́n ti ojú irin náà sí ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ní, "Bó ṣe wà lọ́jọ́ náà nìyẹn. Èmi ni mo fi í síbẹ̀."

Ohun tí wọ́n sọ, tí wọ́n sì pàṣẹ pé kí a kọ, rèé. Ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ náà, Bàbá wa yí ojú irin sí ẹ̀gbẹ́ kí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì lè yà. Ó yẹ kí wọ́n dá a padà. Wọn kò dá a padà. Òfin ni pé kí ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ jọ sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ọ̀pá irin náà kí wọ́n tó buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n ọdún pẹ́ tí àwọn méjèèjì ti ń kọ́kọ́ buwọ́ lùwé, torí wọ́n fọkàn tán ara wọn. Bàbá Onísùúrù dé, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó?" Bàbá wa ní, "Kí lo fẹ́ wò? Ó wà dáadáa. Jókòó jàre." Ebi ló ń pa wọ́n, wọ́n fẹ́ lọ jẹun. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Láti fèrèsé yàrá òkè, táńkì omi bo ọ̀pá náà pátápátá. Rélùwéè kékeré ti fi èyí han Bàbá ní ìgbà tí kò lóǹkà. Bàbá Onísùúrù kò mọ̀, wọn kò sì lè mọ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ti Bàbá wa gbà á ní ọdún mọ́kàndínlógójì, òótọ́ náà sì dé nígbà tí ẹni tó ni ín kò sí nílé. Ọmọ wọn sọ fún wọn pé aránṣọ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Onísùúrù bí, pé ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ogún ìṣẹ́jú lọ, pé òun á fi ọkọ̀ gbé wọn lọ. Wọ́n ní, "Lọ́la." Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni ọ̀la náà fi ń jẹ́ ọ̀la. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú mi. Mi ò lè wo ojú ẹ̀." Inú bí wa, ó ṣì ń bí wa bí a ti ń kọ ọ́ yìí. Ẹnu wa ni wọ́n fẹ́ fi sọ ohun tí ẹnu tiwọn kò gbà.

Bàbá dákẹ́ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2023, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ìyá wa, ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò ọkùnrin kan ni wọ́n fi sáyé lọ.

Ìdílé kò fẹnu kò lórí ìwé yìí. Àkọ́bí bú mọ́ wa lórí fóònù pé, "Ta ló ń kọ irú èyí sínú ìwé ìsìnkú bàbá ẹ̀?" Àbúrò Bàbá ní ọ̀rọ̀ tó ti kú ni a fẹ́ jí. Ìyá wa ń lọ aṣọ nígbà náà. Wọ́n gbé áyọ̀ọ̀nù dúró, wọ́n ní, "Inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé látọjọ́ yìí, mo ń fọ aṣọ ẹ̀, mo ń gbé oúnjẹ fún un, mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó jáde." Bí a ṣe parí ìjà náà nìyẹn.

Kí a tó tẹ ìwé yìí, a gbé e lọ sọ́dọ̀ aránṣọ náà. Ó kà á lórí ìdúró, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. Ó tún un kà. Ó ní, "Màámi ò gbà gbọ́." A rò pé ìwé wa ló ń sọ. Ó ní, "Màámi ò gba bàámi gbọ́. Títí bàámi fi kú, wọn ò jọ sun yàrá kan náà mọ́. Màámi náà ti kú báyìí. Ta ló máa lọ kà á fún wọn?" A bi í bóyá yóò wá síbi ìsìnkú. Ó ní aṣọ ìyàwó ẹnìkan ń dúró de òun. Ó ní kí a tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, kí a má yọ ọ̀rọ̀ kankan, àti pé bí a bá máa kí òkú pé kó sùn re, ti òun ni kí a kọ́kọ́ kí.

Bàbá Onísùúrù, ẹ̀yin kọ́ lẹ yí ojú irin náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ bá a bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ ṣe wí. Ẹ sùn re o.

Ìyàwó Bàbá Onísùúrù, òótọ́ ni ọkọ yín sọ fún yín. Ẹ sùn re o.

Bàbá wa, a fẹ́ràn yín, ohun tí ẹ ṣe kò sì dára. Ẹ máa lọ. Bí oorun bá gbà yín, ẹ sùn.