Àwo Bàbà Àbẹ̀ní

                                        Agbo Ilé Onísẹ̀ẹ́rẹ́,
                                        Bẹyẹrúnká,
                                        Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹfà, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Gabriel, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Oorun ò kùn mí dáadáa láti ọ̀sẹ̀ méjì. Òjò àrọ̀kúrò tó ń jò sí yàrá wà lára ohun tó fà á. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà ńbẹ̀. Orúnkún rẹ tí o fi ń rákò nínú koríko wà ńbẹ̀, àwọn onírin àlòkù àti ayùn wọn náà wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi. N ó dé orí rẹ̀, bí ọkàn mi bá gbé e.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyá Ìyábọ̀ ńkọ́, ṣé ikọ́ náà ti fi í sílẹ̀? Orúnkún ńkọ́? Má sọ pé kò ṣe nǹkan, mo mọ̀ ọ́. Mujeebat bí obìnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá, tìyá-tọmọ ló wà láyọ̀. Ọmọ náà ń sín jù lójú tèmi, mo sì ti ní kí wọ́n gbé e padà sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì. Nọ́ọ̀sì ní bí ẹnikẹ́ni bá nílò dókítà nínú ilé wa, bàbá àgbà ni.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn débi pé mo ń rìn káàkiri ilé, pé àwọn ọ̀dọ́ Òkè-Àràbà fẹ́ sọ pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ yẹn di ibi ìrántí. Wọn á tún ilé gogoro ṣe, wọn á yéé sá láfún sójú ọ̀nà tí ọkọ̀ ti ń gbéra, wọn á sì gbé Àbẹ̀ní sórí pèpéle níwájú. Àbẹ̀ní wa! Ọkọ̀ òfuurufú ológun ẹlẹ́nìyàn méjì tí a fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú, èmi nídìí ẹ́ńjìnnì, ìwọ nídìí ìyẹ́. Ìwọ lo sọ ọ́ lórúkọ, nítorí láàárọ̀ ọyẹ́, àfi ká bẹ̀ ẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ tó yí. Títí dòní, bí ọkọ̀ òfuurufú bá kọjá lórí Màpó, n ó sáré jáde wò ó. Kò sí ọ̀kan tó ní ohùn rẹ̀.

Àfi ìgbà tí mo ka ìyókù. O ní akọ̀wé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà kò lè fọwọ́ sí i, torí àwo bàbà kékeré tí wọ́n fín nọ́ńbà ọkọ̀ sí kò sí nínú yàrá awakọ̀ mọ́. Láìsí àwo yẹn, irin lásán ni Àbẹ̀ní jẹ́ lójú ìwé, bí ogúnjọ́ oṣù yìí bá sì kọjá, àwọn onírin á gé e kó lọ. O ní ẹ ti ń tú koríko abẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà, torí o gbà pé ṣe ló já bọ́.

Kò já bọ́, Gabriel. Èmi ni mo tú u. Ọ̀dọ̀ mi ló wà.

Ọjọ́ tí wọ́n dá Àbẹ̀ní dúró, tí gbogbo wa ti jáde, mo ní mo gbàgbé fìlà. Kì í ṣe fìlà. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé olè á jí àwo náà, mo sì ní n ó dá a padà bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ lọ síbi ààbò. Wọn ò gbé e lọ síbì kankan. Ọdún mọ́kànlélógójì nìyí. Ọdọọdún ni mo ń fi òróró pa á. Kúbúrá ìyàwó mi á ní, "Baba Mujeebat, ẹ tún ti ń ra ọmọ yín lóròóró!"

O rántí ọjọ́ tí sípánà kan dín lára pátákó irinṣẹ́? Òfin wa ni pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ gbéra bí irinṣẹ́ kan bá dín, kó má lọ jẹ́ pé inú ẹ́ńjìnnì ló há sí. A tú koríko títí oòrùn fi kan àtàrí. Àpò mi ni sípánà wà, èmi ni mo sì ń tú koríko jù! Nígbà tí ọwọ́ mi kàn án, ìwọ nìkan lo rí ojú mi. O gbà á lẹ́yìn mi, o jù ú sínú koríko, o wá kígbe pé, "Ọ̀gá, mo ti rí i o!" Nígbà tó yá o ní, "Mikail, ẹ̀rù ni yóò pa ọ́, ikú kàn máa wá gbé òkú ni."

Ọjọ́ ogbó wa nìyí, o tún ń rákò nínú koríko nítorí ohun tó wà lápò mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lórí fóònù láti jẹ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ̀rọ̀ òjò. Ìgbà kẹta mo sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ariwo ẹ́ńjìnnì ti ba etí àwa méjèèjì jẹ́. O ní, "Àmín, bá mi kí wọn."

Kúbúrá ní kí n fi rán awakọ̀ ní gáréèjì. Mo ní bí ó bá gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ àga ńkọ́? Bí táyà bá yọ ńkọ́? Mo ní èmi fúnra mi ni n ó gbé e lọ. Ó ní, "Bí ó bá yọ nígbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀ ńkọ́?" Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mi ò ti kọjá Mọ́níyà lẹ́nu ibodè Ìbàdàn. Síbẹ̀, n ó wọkọ̀ gbé e wá fúnra mi.

Jọ̀wọ́, dìde kúrò nínú koríko. Má sọ nǹkan kan fún akọ̀wé náà, má sì tún bá mi jù ú sílẹ̀ kí o wá kígbe pé o rí i. Èmi fúnra mi ni yóò yọ ọ́ lápò níwájú gbogbo wọn. Bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dè é mọ́ ara ọkọ̀ wà nínú ìgò oògùn, kò sí ọ̀kan tó dín.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti Ìyábọ̀. Bá mi fọwọ́ kan imú Àbẹ̀ní, kí o sọ fún un pé mo ń bọ̀. Ìnṣá Àlláhù, lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni n ó gbéra, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí.

                                        Èmi tìrẹ náà ni, láti ìdí ẹ́ńjìnnì títí dòní,
                                        Mikail