Ìrìnàjò Mẹ́ta: Ìgbésí Ayé Olóògbé Síkírù Àjàgbé Oyèrìndé (1966–2025)

Ìdílé Oyèrìndé kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ ilé olóògbé ní àdúgbò Pissy lónìí, ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ti fi ilé ayé sílẹ̀. Ìdílé kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Kí àwọn aáfà tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹ jẹ́ kí a rántí ẹni tí àdúrà náà wà fún.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta ọdún 1966 ni wọ́n bí olóògbé ní Hamdalaye, ní ìlú Ouagadougou yìí, nígbà tí orílẹ̀-èdè wa ṣì ń jẹ́ Haute-Volta. Bàbá wọn ni olóògbé Abdullateef Oyèrìndé, ọmọ agbo ilé Elépo ní Ṣakí, tí wọ́n gbé ẹrù páàtì kẹ̀kẹ́ gba Parakou àti Niamey kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀ síbí. Ìyá wọn ni Ìyá Àgbà Ṣàkírátù, oníṣòwò aṣọ, tí Ọlọ́hun ṣì dá sí fún wa.

Nínú ilé Ìyá Àgbà, òfin kan wà tó ju gbogbo òfin lọ: ohun tí o kò bá fẹ́ kó wọlé, má fi ẹnu kan ilẹ̀kùn fún un. Bí ejò bá gba àgbàlá kọjá lálẹ́, okùn ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ikú kí oúnjẹ àárọ̀ tó dé ikùn. Inú òfin yìí ni wọ́n ti tọ́ olóògbé, àwọn náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ rú u. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà náà, Ìtúnu Ààwẹ̀ ku díẹ̀, Ìyá Àgbà ń sin adìẹ márùn-ún. Síkírù kékeré wo àwọn adìẹ náà títí, ó ní, “Màmá, mẹ́rin la ó jẹ. Lọ́dọọdún ni ọ̀kan máa ń kú.” Ọ̀kan kú lóòótọ́. Olóògbé a máa fi ẹ̀rín sọ̀rọ̀ ẹgba tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ohun tó dun àwọn jù ni pé ìṣirò àwọn tọ̀nà.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1972, wọ́n sì ń lọ sí ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́. Ní 1986 wọ́n wọ Yunifásítì Ouagadougou, wọ́n sì gboyè nínú ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní 1990. Bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n wá jókòó ti ṣọ́ọ̀bù. Olóògbé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dán iṣẹ́ ìjọba wò fún ọdún kan péré. Ọdún kan náà di mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ní oṣù kejì ọdún 1991 ni wọ́n wọ iléeṣẹ́ iná mànàmáná ti ìjọba, ní ẹ̀ka tí ń ṣètò ìnáwó ọdọọdún. Ọ̀pọ̀ ará àdúgbò rò pé òpó ni wọ́n ń gùn, wọn a sì máa pè wọ́n kí wọ́n wá bá àwọn so wáyà. Iṣẹ́ wọn kọ́ nìyẹn. Láti oṣù kẹjọ títí di Disẹ́ńbà, wọn a jókòó ní bíró, wọn a máa fojú inú wo ọdún tí kò tíì dé. Iná tó tó mélòó ni ìlú yóò lò nígbà tí ooru oṣù kẹrin bá mú, tí gbogbo àdúgbò Zone du Bois bá tan ẹ̀rọ amúlétutù? Mélòó la ó rà lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó múlé tì wá? Epo mélòó ni àwọn ẹ̀rọ apèsè iná yóò mu? Ta ni yóò san owó iná, ta ni kò ní san? Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kan ibi tí àwọn ẹlòmíràn kì í fẹ́ dé: òpó mélòó ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò yóò wó, tiransifọ́mà mélòó ni yóò jóná.

Bí kò bá sí owó fún un nínú ètò ọdún, tiransifọ́mà tó bá jó yóò wà bẹ́ẹ̀ títí a ó fi rí owó, tí a ó sì fi ránṣẹ́ ra òmíràn, àdúgbò yóò sì máa wo òkùnkùn. Ìdí nìyẹn tí olóògbé fi máa ń sọ pé, “Iná tí yóò kú, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ kú nínú ìwé.” Félix, ọ̀rẹ́ wọn tí wọ́n jọ ń lo bíró kan, ló sọ wọ́n ní Wòlíì. Bí oṣù kẹwàá bá ti dé, Félix á béèrè pé, “Wòlíì, mélòó ni yóò jóná lọ́tẹ̀ yìí?” Wọ́n á ní, “Mẹ́rìnlá, bí Ọlọ́hun bá ṣàánú wa.” “Bí kò bá ṣàánú ńkọ́?” “Ìyẹn wà ní ìlà kejì.”

Ní 1994 wọ́n gbé Agathe níyàwó, ọmọ Mossi láti Koudougou, olùkọ́, tó kọ́ Yorùbá títí ó fi lè fi bú èèyàn. Ọlọ́hun fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Abdoul Aziz ní 1996, Fawziyyah ní 1998, Mubarakah ní 2001. Ní 2003 wọ́n kó wá sí ilé yìí, níbi tí ẹ ti ń gbọ́ òòlù àwọn tí ń fọ́ òkúta báyìí.

Ohun tí olóògbé ń ṣe ní bíró náà ni wọ́n ń ṣe nílé. Bí ọdún bá ń parí lọ, wọn a kọ ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ fún ilé: ìrẹsì, owó ilé ìwé, àgbò Iléyá, sàká. Ní Disẹ́ńbà 2005, Ìyá Àgbà wá kí wọn, wọ́n sì ní kí Agathe ka ìwé náà sí àwọn létí. Agathe ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ó fi kan ìlà kan tó ní, “Ilé ìwòsàn: ọmọ kan, ọ̀sẹ̀ kan.” Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbà dìde.

“Síkírù, ọmọ wo?”

“Màmá, kì í ṣe ọmọ kan pàtó. Kò sí ọdún tí ọ̀kan nínú wọn kì í…”

“Mo ní ọmọ wo! Mẹ́ta ni wọ́n. Èwo lo kọ níbẹ̀?”

“Mi ò kọ orúkọ ẹnì kankan, Màmá.”

“Pa á rẹ́.”

Olóògbé kò pa á rẹ́. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà, wọ́n sì sin ìyá wọn dé ìdí mọ́tò.

Ní oṣù kẹta ọdún 2006, àrùn méníńjíìtì tí ooru máa ń gbé wọ ìlú mú Fawziyyah. Owó wà nílẹ̀. Wọ́n tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sì ṣe gbogbo èyí tó yẹ. Ọmọ náà kò lo ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ sílẹ̀ tán. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Nígbà tí wọ́n ti itẹ́ òkú dé, Ìyá Àgbà dúró ní ẹnu ọ̀nà yìí, wọn kò sunkún. Wọ́n ní, “O fi gègé kan ilẹ̀kùn, ó sì wọlé.” Láti ọjọ́ náà, Ìyá Àgbà kò mu omi nílé ọmọ wọn mọ́. Wọ́n ń wá síbẹ̀, torí wọn kò fẹ́ kí àwọn ọmọ yòókù gbàgbé ojú wọn. Agathe, tó mọ ohun tí omi àlejò jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Mossi àti lọ́dọ̀ wa, a kúnlẹ̀ gbé omi fún wọn. Ìyá Àgbà á gbà á, wọ́n á fi èdè Mossi dúpẹ́, “Barka,” wọ́n á sì gbé e sílẹ̀ bó ṣe kún. Ohun kan ṣoṣo ni olóògbé ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́hun láti ìgbà náà lọ: kí ìyá àwọn mu omi nílé àwọn kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó kú.

Wọn kò kọ ètò ìnáwó ilé mọ́. Ní bíró, wọn kò lè ṣíwọ́. Ní 2011 wọ́n di ọ̀gá ẹ̀ka wọn, iye tiransifọ́mà tí yóò jóná kò sì kúrò nínú ètò wọn lọ́dún kankan. Nígbà ooru ọdún 2013, èyí tó ń fún àdúgbò Ìyá Àgbà níná jó gbì. Òmíràn wà ní sítọ́ọ̀, wọ́n sì gbé e wá kí ọjọ́ náà tó ṣú. Nígbà tí olóògbé lọ kí ìyá wọn ní ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe lẹ́yìn ìrun, Ìyá Àgbà wà lábẹ́ fáànù, ara tù wọ́n. Wọ́n ní, “Bá mi kí àwọn tó wá tún un ṣe.” Olóògbé ní, “Wọ́n á gbọ́, Màmá.” Wọn kò sọ pé inú ìwé tí ìyá wọn kórìíra ni afẹ́fẹ́ náà ti ń fẹ́ wá.

Mùsùlùmí òdodo ni olóògbé. Wọn kì í jẹ́ kí Súbúhì bá àwọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọn kì í sì í gbà kí ẹnikẹ́ni pe àwọn ní aríran. Wọ́n á ní, “Ti Ọlọ́hun ni ohun tó pamọ́. Ìṣirò lèmi mọ̀.”

Ní 2018, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá ní Hamdalaye fi wọ́n ṣe akápò. Ṣáájú ìgbà náà, bí ẹnì kan bá kú, fìlà ni wọ́n ń gbé kiri mọ́ṣáláṣí fún owó ìsìnkú. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀, ṣùgbọ́n fìlà máa ń pẹ́ kó tó kún. Olóògbé ṣírò iye àwọn tó kú láàárín ọdún mẹ́wàá, wọ́n pín in, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ètò ọdún 2019: “Òkú: mẹ́ta.” Ilé dàrú. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Bùrọ̀dá Síkírù, àwa mélòó la wà níbí? Ó dáa, dárúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!” Obìnrin kan kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní kí wọ́n má ka tòun mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Ìyá Àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. “Ó tún ti bẹ̀rẹ̀,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Olóògbé gbé ìwé náà padà sílé. Wọ́n rántí ejò tó ń jẹ́ okùn. Ní ìpàdé kejì, ohun tí wọ́n kà jáde ni “Ìrìnàjò: mẹ́ta,” ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú aṣọ funfun, mọ́tò àti àdúrà. Ó yé gbogbo ilé. Ẹnì kan ni kò yé, ìyẹn Bàbá Mùíbì tí ń ta páàtì mọ́tò. Wọn kò sí ní ìpàdé àkọ́kọ́, àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ti Cotonou dé, ọ̀nà Mẹ́kà sì ti ń wù wọ́n láti ìgbà èwe. Wọ́n fò dìde.

“Alhamdulillah! Ẹ kọ orúkọ mi sípò kìíní!”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

“Mi ò jókòó! Ẹ̀yin ọmọdé wọ̀nyí lẹ fẹ́ ṣáájú mi lọ? Ọjọ́ wo lẹ ń fò mí!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. “Kí lẹ ń rín? Ta ló dàgbà jù mí lọ níbí?” Ẹ̀rín náà di omijé lójú àwọn mìíràn. Olóògbé lọ lósòó níwájú Bàbá Mùíbì, wọ́n sì ṣàlàyé fún wọn létí. Bàbá náà rọra jókòó.

“Èyí tí kò ní àbọ̀?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“D’accord, ó dáa. Ẹ yọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má yọ owó ibẹ̀.”

Bí owó náà ṣe dúró nìyẹn. Láti ìgbà náà, fìlà kò yípo mọ́ ní Hamdalaye.

Ètò ìnáwó ọdún 2026 ni ì bá jẹ́ ìkẹyìn tí olóògbé yóò ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wà ní ìpàdé. Ẹnì kan bi wọ́n léèrè bóyá iye tiransifọ́mà kò pọ̀ jù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì gbé orí lé tábìlì. Félix rò pé wọ́n ń ṣírò ni. Ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí wọ́n tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn, ó ti bọ́.

Ìdílé mọ̀ pé mẹ́ta ni olóògbé kọ fún ọdún yìí, ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ sì ti lọ ṣáájú wọn. A sì gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé olóògbé ló kọ ara wọn mọ́ ọn. Ẹ gbọ́: ní 2020 wọ́n kọ mẹ́ta, márùn-ún lọ. Ní 2023 wọ́n kọ mẹ́ta, ẹyọ kan lọ. Ẹni tí ń pe ikú kì í ṣì í pè tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ ni: aya wọn, Agathe, ọmọ wọn ọkùnrin, Abdoul Aziz, ọmọ wọn obìnrin, Mubarakah, àti ọkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ wọn, Ọmọ́ládé, àbúrò wọn, Nimotalahi, Félix, tó di ẹbí, àti Ìyá Àgbà Ṣàkírátù, tí ojú wọn ti rí ọmọ-ọmọ wọn kí ó tó rí ọmọ wọn nínú aṣọ funfun.

Ó ku ohun kan tí ó yẹ kó wà nínú ìtàn yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, ẹkún kò tíì rọlẹ̀ nílé tí mọ́tò fi dúró ní ẹnu ọ̀nà, tí aṣọ funfun sì wà nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà ń wo ọ̀nà fún ẹni tí yóò gbé fìlà. Wọn kò rí ẹnì kankan.

“Ta ló san owó gbogbo èyí?”

Bàbá Mùíbì ló dá wọn lóhùn. “Ọmọ yín náà ni, Ìyá. Wọn kò pe àlejò o. Wọ́n tẹ́ ẹní dè é ni.”

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ti itẹ́ dé, Ìyá Àgbà wọlé, wọ́n jókòó sórí ẹní tí ọmọ wọn fi ń kírun, wọ́n pe ìyàwó ọmọ wọn.

“Agathe, fún mi lómi.”

Agathe kúnlẹ̀ gbé e fún wọn. Wọ́n mu ún, wọn kò ṣẹ́ ẹ kù.

Síkírù Àjàgbé, ọmọ Oyèrìndé, ẹni tó ń ro òkùnkùn kí àwọn ẹlòmíràn lè ríran: kí Ọlọ́hun tan iná tí kì í jó, tí kì í kú, sínú sàréè yín. Kí Ó jẹ́ kí Fawziyyah pàdé yín ní ẹnu ọ̀nà Alujánnà. Ẹ sùn re, Bàbá. Ìyá yín ti mu omi.