Ọrọ́ Inú Agolo

Tiwalọpẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ìwọ, ọkọ rẹ àti ọmọ-ọmọ mi. Orúnkún tó ń dun bàbá yín ti fúyẹ́. Gbogbo Ìkẹ́nnẹ́ ń kí yín.

Díẹ̀ ló kù kí n pa ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún tó o gbìn sínú agolo kó o tó lọ. Tí mo bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán, màá bomi rin ín bí ẹ̀fọ́, títí ìdí rẹ̀ fi fẹ́ rà. Bàbá yín pariwo: "Ìyá Tiwa, jẹ́ kó sinmi!" Inú bí mi, n kò fọwọ́ kàn án fóṣù kan. Lánàá, ó yọ òdòdó pupa.

Mo wá rántí bí mo ṣe ń pè ọ́ lórí fóònù láràárọ̀, tí o kì í gbé e mọ́. Màá dẹwọ́.

Olúwa á máa ṣọ́ yín. Fi fọ́tò ọmọ ránṣẹ́. Fóònù mi wà lójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó rẹ.

Màmá rẹ