Káàdì Tí Mi Ò Fẹ́ Bà Jẹ́

Rowena ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí Jacksonville gbé yín mì. Ara wa le, a ti hú ẹ̀pà tán, adìyẹ méje ló ń yé nínú mẹ́sàn-án.

Ọ̀rọ̀ afárá ni mo fẹ́ sọ. Láti ìgbà tó ti wó, máìlì mọ́kànlá ni mo ń yí ká kí n tó dé ibi tí wọ́n ti ń ra ẹ̀pà. Hosea Pittman ní bí a bá dìbò fún òun sí ìgbìmọ̀ káńtì, ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, òun á tún un ṣe. Ìbò kan ṣoṣo ni Lamar Gaskin fi ṣíwájú rẹ̀, ni wọ́n bá gba kóòtù lọ.

O mọ̀ pé abẹ́rẹ́ la fi ń lu káàdì ìbò níbi orúkọ ẹni tí a fẹ́. Káàdì yẹn nípọn, ó dára, mo rò pé wọ́n á tún lò ó lọ́dún tó ń bọ̀, mo bá rọra tẹ̀ ẹ́, kò lu. Mo kọ́ ìyá rẹ náà bẹ́ẹ̀. Àṣé ihò nìkan ni ẹ̀rọ tó ń kà á ń rí.

Nínú gbogbo káńtì, káàdì méjì péré ló tẹ̀ tí kò lu. Lọ́yà Gaskin ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ tí kò lu ú, ọkàn rẹ̀ ló yí padà. Lọ́yà Pittman ní ṣé ẹni tó rọra kan ilẹ̀kùn kò kan ilẹ̀kùn ni. Ìyá àgbà tó jẹ́ adájọ́ gbé wọn sókè sí iná lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ipò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí a dìbò fún lórí káàdì ló tẹ̀ bákan náà, ọwọ́ ẹni yìí ló fúyẹ́, kì í ṣe ọkàn rẹ̀, kí wọ́n ka méjèèjì. Mo ṣírò rẹ̀: ọ̀kan là ń lé, méjì ti dé. Mo ra kọfí fún ẹni mẹ́ta, èmi tí o mọ̀ yìí.

Wọ́n ka àkọ́kọ́, Pittman. Wọ́n ka ìkejì, Gaskin. Ìyá rẹ ń wo bàtà rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ló tó sọ pé Gaskin ra páì ànàmọ́ méjìlá lọ́wọ́ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, Pittman ra ẹyọ kan, ó sì ná an. Ó ní ká ní mo jẹ́ kí òun lu káàdì òun bó ṣe yẹ ni, méjì ni Gaskin ìbá ti fi ṣíwájú láti ọjọ́ kìíní, a ò sì ní jókòó sí kóòtù fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo tún un ṣírò títí dé ilé. Òótọ́ ló sọ.

Afárá ṣì wà ní wíwó, nítorí náà jọ̀ọ́ fi ogún dọ́là ránṣẹ́ fún epo. Ìyá rẹ ní òun á san mẹ́wàá níbẹ̀ láti inú owó páì. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́.

Ojú kan bébà yìí ni mo kọ, fi ẹ̀yìn rẹ̀ dá mi lóhùn. Ohunkóhun tí o bá dáwọ́ lé, ọmọ mi, kò ní dúró ní títẹ̀, á lu já.

Èmi ni bàbá rẹ,
Odell Tillery