Onígéèjì àti Rìsáfù Mi

                                        Ṣọ́ọ̀bù Alùpùpù,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Epo,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdu.

Ọ̀rẹ́ mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo fẹ́ràn jù,

Ṣé ara le? Ṣé iná wẹ́dà tí o ń kọ́ yẹn ò tíì ba ojú ẹ jẹ́? Bàbá ńkọ́, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ńkọ́? Màmá ńkọ́, àti àbúrò wa tó máa ń sunkún tó bá ti rí mi? Gbogbo wa níbí wà dáadáa. Èmi fúnra mi, ara mi le koko, ọkàn mi ni ò rọgbọ. Ọ̀rọ̀ ọkàn yẹn ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, torí tí mo bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dọdún.

Máṣíìnì tí bàbá ẹ fún mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ń gun alùpùpù bíi tèmi ní gbogbo àdúgbò yìí, mi ò fọ́nnu o. Tíṣà tó ní mi ò ní í dé ibì kankan láyé, èmi ni mo ń gbé e lọ sílé báyìí. Máṣíìnì náà ò ní géèjì tó ń sọ bí epo ṣe kù, kò sì nílò ẹ̀. Tí epo bá ń lọ sílẹ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́, á mi orí, màá na ọwọ́ òsì sábẹ́ táǹkì, màá yí táàpù epo sí rìsáfù, ìyẹn epo ìpamọ́ tó wà nísàlẹ̀ táǹkì, a ó sì máa bá eré wa lọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn mi ò ní í mọ̀ pé nǹkan ṣe.

Aránṣọ kan wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀bù wa. Èmi ni mo máa ń gbé òun àti ẹrù aṣọ ẹ̀. Kì í bọ̀wọ̀ fún mi rárá. Á pe ìnagijẹ mi, á ní, "Mọ̀nàmọ́ná, o tún jẹun tán o gbàgbé mi, àbí?" Inú mi á sì máa dùn. Ọmọbìnrin tó bá ń bú èèyàn báyẹn, ó ní ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀. Mo ti ń wá ọjọ́ tí màá sọ fún un pé mo fẹ́ ẹ.

Àfi bí ọmọkùnrin kan ṣe kó dé ẹ̀gbẹ́ ilé epo, pẹ̀lú máṣíìnì àlòkù tó ní géèjì epo níwájú. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Onígéèjì, kí wọ́n lè máa fi rẹ́rìn-ín; ó gba orúkọ náà, ó fi ń ṣe fáàrí. Láràárọ̀ á máa nu gíláàsì géèjì yẹn bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Aránṣọ gun ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó wá di pé tí mo bá ti yọjú, á ní òun ti ránṣẹ́ pe ẹnì kan. Ó ní ti Onígéèjì, èèyàn ń fojú rí epo tó kù. Tèmi, bí ẹni ń wo inú kànga lóru ni. Ọ̀rẹ́, òwú wà lọ́wọ́ òun tó fi ń ránṣọ, owú ló wà láyà tèmi, ó sì ń rán mi mọ́ ibùsùn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo bá wọn ní àárín òkè ọ̀nà ọsibítù. Máṣíìnì Onígéèjì ti kú fin-ín. Aránṣọ gbé ìdì aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì dání, ó ní ọ̀gá wọn fẹ́ gbà á kó tó lọ sílé. Onígéèjì ń fẹsẹ̀ ta á kó lè jí, ó ń làágùn. Ó ní pulọ́ọ̀gì ni, pé epo wà, kí n wo géèjì, ó wà ní ìdajì. Inú mi dùn débi pé mo dijú.

Mo gbá táǹkì ẹ̀, ó dún bíi garawa òfìfo. Mo ṣàlàyé bí bàbá ẹ ṣe máa ń ṣàlàyé fún wa: nǹkan kan wà nínú táǹkì tó ń léfòó lórí epo, òun ló ń sọ fún géèjì ibi tí epo dé. Tó bá ti gbó, á há síbì kan, géèjì á wá máa pa irọ́ kan náà láràárọ̀. Mo ní kí wọ́n máa wo ìka mi kan ṣoṣo, pé rìsáfù ni mo fẹ́ yí, òkú á sì dìde. Mo yí ara sí ọ̀dọ̀ aránṣọ kó lè rí mi dáadáa, mo na ọwọ́ sábẹ́ táǹkì.

Táàpù ti wà ní rìsáfù. Láti ọjọ́ tó ti rà á ló ti wà níbẹ̀. Onígéèjì ò mọ̀ pé nǹkan yẹn ń yí. Ó ti ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ láì mọ̀ pé ìkòkò ní ìsàlẹ̀. Ìka mi kàn dúró síbẹ̀ bí ìka olè.

Aránṣọ ní, "Mọ̀nàmọ́ná, ṣé ìka yẹn náà ti gbẹ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kan náà o, bí ẹni tó ti ń rẹ́rìn-ín pọ̀ tipẹ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo ní kó gun ẹ̀yìn mi ká máa gbé aṣọ lọ, kí ẹni tó ní géèjì máa bá géèjì ẹ̀ ṣeré. Ó ní, "Ká wá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn? Ṣáà fún un lépo díẹ̀." Tí mo bá kọ̀, ahun ni mí. Mo yọ róbà lára táàpù mi, mo fi ìgò gbà á. Epo ń dà, ó ń dà, ó wá dá fúnra ẹ̀. Onígéèjì ní ó ti tán. Mo ní kò tán: ihò méjì ló wà nínú táǹkì, ọ̀kan ga, ọ̀kan wà nílẹ̀. Èyí tí ihò tó ga lè gbà ló dá yẹn. Ìyókù wà nísàlẹ̀, á gbé mi délé. Aránṣọ ń wò mí tìyanu-tìyanu. Ọ̀rẹ́, ojú yẹn. Mo ti la ẹnu láti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, Onígéèjì ì báà máa gbọ́.

Ni aránṣọ bá tẹ orúnkún. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, bọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ́ ọ, kó má dá mi dúró lọ́nà mọ́."

"Ẹ." "Bọ̀dá." Ẹni tó ń pe èèyàn ní "ìwọ" ní ìṣẹ́jú yìí, tó wá di "ẹ̀yin" ní ìṣẹ́jú kejì, o mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ta ló ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹ̀? Ọ̀wọ̀ tó bù fún mi, bí ọwọ̀ ló ṣe gbá mi síta. Mo kọ́ Onígéèjì ní rìsáfù, aránṣọ gun ẹ̀yìn ẹ̀, epo mi ni wọ́n sì fi lọ. Mo ń tẹ̀ lé wọn dé oríta, èéfín epo mi ń wọ̀ mí nímú.

Aránṣọ tún wá ránṣẹ́ pé ṣé bọ̀dá lè bá àwọn tún géèjì ṣe. Mo rò ó títí. Tí mo bá kọ̀, wọ́n á ní mi ò mọṣẹ́. Tí mo bá ṣe é, kò sóhun tó máa dá wọn dúró lọ́nà mọ́. Ìwọ náà mọ̀ mí. Mo tú táǹkì, mo yọ nǹkan tó há, mo tún un ṣe, mo dá a padà. Géèjì yẹn ń sọ òótọ́ báyìí ju ẹlẹ́rìí kóòtù lọ, kò sí mẹ́káníìkì tó lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń sáré kọjá níwájú mi, aránṣọ á juwọ́, "Ẹ kú iṣẹ́, bọ̀dá," èmi náà á sì dáhùn bí àgbàlagbà.

Bá mi kí Màmá, bá mi kí àbúrò wa ẹlẹ́kún. Sọ fún Bàbá pé máṣíìnì wọn ò ṣàìsàn. Má dárúkọ obìnrin kankan sí i. Tí ọmọbìnrin kan bá sì wà ládùúgbò yín tó mọ èèyàn bú dáadáa, tètè kọ̀wé sí mi.

Èmi ni, tìrẹ látìgbà tí a ti ń jà du ẹ̀yìn máṣíìnì Bàbá,
Mọ̀nàmọ́ná, ọ̀gá gbogbo wọn.