Aṣọ Ìyàwó Lára Òfì Màmá

Kàbà,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àǹtí Martha mi ọ̀wọ́n,

Okun o, ẹ̀yin àti gbogbo ará ilé ní Mopa. Ṣé orúnkún yín ti ń gbà yín láyè láti rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, nítorí èmi tí mò ń kọ ọ́ kò ní púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo fi í rán awakọ̀ nítorí ọkọ mi máa ń yẹ fóònù mi wò.

Ẹ rántí inú rírun tó máa ń bá nǹkan oṣù mi wá, tí ẹ máa ń fi omi gbígbóná jó mi níkùn. Gbogbo ayé ní bí mo bá délé ọkọ, yóò lọ. Kò lọ. Dókítà kan ní Ìlọrin ti wá sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, orúkọ náà gùn débi pé n kò lè pè é. Ó ní ohun tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ ló ń hù síta rẹ̀, tó ń ṣẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, tó sì ti dí ọ̀nà ẹyin mi. Ohun tó kù ni kí wọ́n fa ẹyin jáde lára mi, kí wọ́n pò ó mọ́ ti Philip ọkọ mi lóde ara, kí wọ́n sì dá ọlẹ̀ tó bá ti ibẹ̀ jáde padà sínú mi. Philip fúnra rẹ̀ ló ń gún mi lábẹ́rẹ́ níkùn láràárọ̀, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sójú ibẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fẹ́ fa ẹyin náà.

Ìyá rẹ̀ ni n kò gbọ́kàn lé. Láti ìgbà tí Màmá ti Òkè-Bùkún dé bá wa ni wọ́n ti gbé òfì ti ògiri yàrá ẹ̀yìn, òwú funfun ni wọ́n ń hun. Bí mo bá wọlé, wọ́n á fi ìró bò ó. Mo bi wọ́n pé aṣọ kí ni, wọ́n ní aṣọ lásán. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń bo aṣọ lásán? Tí wọn ò bá ti béèrè pé ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ mi yóò parí, wọn ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn bá mi sọ.

Lọ́jọ́ kan, Mercy tá a jọ ń kọ́ni nílé ìwé, ọmọ Bùnú bíi ti Màmá ni, wá kí mi, ó sì yọjú sí yàrá náà. Nígbà tó rí etí aṣọ náà, ó ní, "Tóyọ̀sí, ta ló ń gbéyàwó nílé yín?" Ó ní ní agbo ilé tiwọn, ìyá ọkọ ló máa ń hun irú aṣọ bẹ́ẹ̀ de ìyàwó tó ń bọ̀. Èmi ọmọ Ìyàgbà, ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀?

Láti ọjọ́ yẹn, n kò jẹ oúnjẹ Màmá mọ́. Bí wọ́n bá bu ọbẹ̀ fún mi, màá ní èébì ń gbé mi, màá lọ dà á fún adìyẹ, màá sì máa wò bóyá wọn yóò kú. Adìyẹ ń sanra ni. Mo fẹjọ́ sun Philip, ó ní kí n fi àgbàlagbà sílẹ̀, pé ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú. Mo gbà á gbọ́.

Lánàá, mo ká ìró náà kúrò, mo ní kí Màmá sọ orúkọ ìyàwó tí wọ́n fẹ́ mú wá bá mi. Mo pariwo mọ́ wọn, Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Màmá ò bínú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹni tó bá ọ sọ ọ́ ò sọ ọ́ tán. Ìyá ló ń hun ún, ọkọ ìyàwó ló ń ra òwú."

Wọ́n ní ọmọbìnrin kan ní Odo-Ape ni, pé Philip ní bí ti Ìlọrin ò bá bọ́ sí i, kí aṣọ ti wà nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń fi híhun aṣọ náà falẹ̀ ni, bóyá oyún á tètè dúró lára mi, kí Philip sì gbàgbé ọmọbìnrin náà. Wọ́n mú abẹ, wọ́n gé òwú náà lára òfì láti òkè délẹ̀, wọ́n tún fi ìró bò ó. Philip ò tíì mọ̀. Ó tún gún mi lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ yìí, mo kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ ni.

Mo ti fi fóònù Mercy pe dókítà. Ó ní wọ́n lè fa ẹyin mi jáde kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú òtútù, láì pò ó mọ́ ti ẹnikẹ́ni, bí mo bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ọmọ, Àǹtí, mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń dùn mí nínú egungun. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ ẹni tí mo fẹ́ bí i fún. Màmá ló máa bá mi lọ ní Ọjọ́ Ajé.

Kí Ọlọ́run fún orúnkún yín lókun, kí ó pa ilé yín mọ́, kí ó má sì jẹ́ kí ẹ sunkún lórí àwọn ọmọ yín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fẹ̀yìn pọ̀n,
Tóyọ̀sí.

Àfikún: Bí Philip bá pè yín, ẹ bi í bí ẹni ń ṣeré pé ta ló ra òwú tí Màmá ń hun, kí ẹ sì rán èsì rẹ̀ sí Mercy bó ṣe sọ ọ́ gan-an. N kò lè bi í fúnra mi. Ohunkóhun tó bá sọ, mo mọ̀ pé màá gbà á gbọ́.