Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Gùn, Màmá Kékeré Ni Wọ́n Ń Lé Kúrò Nílé

Irọ́ ni mo pa. Ẹ jẹ́ kí n kúkú sọ ọ́ báyìí kí ẹ̀rù tó tún bà mí… irọ́ kékeré kan lórí fóònù, ó sì ti fẹ́ ba ayé obìnrin kan jẹ́, obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí rárá. Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará ilé wa wà lórí page yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì bú mi, ẹ gbọ́ mi tán ná.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, abúlé wa ò jìnnà sí Òde Ugbò téèyàn bá wọ ọkọ̀. Orí omi ni wọ́n bí mi sí, orí afárá pákó ni mo ti kọ́ ìrìn, kò síbi téèyàn fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ sí lọ́dọ̀ wa. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo lọ sí England, mò ń tọ́jú àwọn arúgbó níbẹ̀. Òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́, èmi àgbà ọkùnrin, tó ń di ìjókòó mú lẹ́yìn mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé… Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n tán, ó ní ká lọ sórí òkè. Mountain bike ni wọ́n ń pe kẹ̀kẹ́ ọ̀hún, táyà rẹ̀ nípọn, ó sì ní sípíríǹgì níwájú. Àwọn ọ̀nà kan wà ní ìgbèríko wọn tí wọ́n ti là fún ẹlẹ́ṣin láti ayébáyé, mọ́tò ò gbọdọ̀ gbà á, àmọ́ ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ lè gbà á. Ẹ óò ṣí géètì, ẹ óò tún tì í kí àgùntàn olóko má bàa jáde, ẹ óò wa kẹ̀kẹ́ gòkè títí èémí á fi fẹ́ẹ̀ tán, tẹ́ ẹ bá wá dórí òkè, ẹ óò jẹ́ kó máa sáré lọ sísàlẹ̀ láàárín igi, ẹrẹ̀ á máa ta sí yín lójú… Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Láti Mọ́ńdè ni mo ti ń gbọ́ ìkérora àwọn arúgbó, ibẹ̀ nìkan lọkàn mi ti ń fúyẹ́. Ṣùgbọ́n àárọ̀ Sọ́ńdè là ń lọ, màámi sì rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà.

Ní Sọ́ńdè kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbòǹgbò igi ń yọ̀ lójú ọ̀nà. Òyìnbó yẹn ní kí n sọ̀ kalẹ̀ kí n máa fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́, mo ṣagídí. Táyà iwájú há, èmi àti kẹ̀kẹ́ dojú délẹ̀, ojúgun mi òsì kán sí méjì, irin ni wọ́n fi tò ó ní ọsibítù. Nígbà tí màámi gbọ́ pé mo wà níbẹ̀, tí wọ́n pè mí tí wọ́n ń sunkún pé kí ló ṣe mí… kí ni kí n wí? Pé ọmọ tí wọ́n fi ààwẹ̀ àti àdúrà rán lọ sókè òkun ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè láàárọ̀ Sọ́ńdè pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, láìsí ẹni tó rán an níṣẹ́? Ojú tì mí. Mo ní mò ń rìn lọ jẹ́jẹ́ lójú títì ni, ẹsẹ̀ sì ṣàdédé kán. Èmi ọmọ Ìlàjẹ, mo gbàgbé ohun tírú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń fà nílé wa. Ẹsẹ̀ wo ló ń ṣàdédé kán? Màámi bi mí pé ẹsẹ̀ wo ni, mo ní ti òsì ni.

Ẹ wá gbọ́ o. Àbúrò bàbá mi obìnrin kan wà, Màmá Kékeré là ń pè wọ́n. Wọn ò bímọ, ọkọ wọn ti kú, inú ilé bàbá mi ni wọ́n ń gbé. Tí màámi bá lọ ta ẹja, àwọn ló ń ro pupuru fún mi, àwọn ló ń pọ̀n mí. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí England, mo ti jókòó sínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń ké, ni Màmá Kékeré sáré jáde sórí pákó, wọ́n ń pe orúkọ mi, wọ́n ti gbàgbé láti fún mi ní ẹja gbígbẹ tí wọ́n dì fún mi. Mo fi ẹsẹ̀ kan padà sórí pákó, mo gbà á. Nínú ẹbí wa, a kì í pe ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ìrìn àjò padà, wọ́n ní aburú á bá a lọ́nà. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi padà. Èmi ò rántí rárá, màámi ò gbàgbé.

Ibi iṣẹ́ fún mi láyè, màámi ní kí n wálé wá gbàtọ́jú. Kí n tó dé, wọ́n ti dìde láàárín ìjọ, wọ́n ti sọ pé Màmá Kékeré mọ̀-ọ́n-mọ̀ pè mí padà ni, pé ìlara àìrọ́mọbí ni. Kò sẹ́ni tó ń kí obìnrin náà mọ́. Ọkọ̀ ọjà kì í dúró gbé wọn mọ́. Ọbẹ̀ tí wọ́n gbé wá fún mi, màámi dà á sómi lójú mi. Àwọn àgbà ẹbí sì ti jókòó, wọ́n ní kí Màmá Kékeré kẹ́rù kúrò nílé ní Sátidé yìí. Obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún… níbo ni kí wọ́n lọ?

Ẹ óò ní kí ló dé tí mi ò sọ òótọ́. Mo gbìyànjú o. Lọ́jọ́ Túsìdè mo sọ fún màámi pé Màmá Kékeré ò mọ nǹkan kan nípa ẹsẹ̀ mi, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n ní Màmá Kékeré ti dì mí lójú, pé ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe màámi. Tí mo bá jẹ́wọ́, àwọn ló máa di òpùrọ́ lójú gbogbo abúlé, ṣé wọ́n máa yè é? Mi ò sì lè sá lọ, igi abẹ́ apá méjì ni mo fi ń rìn, pákó ń yọ̀, àfi kẹ́nìkan fi ọkọ̀ gbé mi. Ojú fèrèsé ni mo ń jókòó sí látàárọ̀, gbogbo ọkọ̀ tó bá kọjá á kí mi pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní Ọlọ́run á mú ọ̀tá mi, èmi náà á sì ṣe àmín.

Láàárọ̀ òní, màámi ti lọ sọ́jà, Màmá Kékeré wọlé wá bá mi. Wọ́n kúnlẹ̀. Ẹni tó pọ̀n mí kúnlẹ̀ níwájú mi, wọ́n ní, "Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá jẹ́ kí ẹja yẹn jẹrà sílé. Dárí jì mí, ọmọ mi."

Àwọn náà ti gbà pé àwọn ni! Mo lanu kí n sọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yìí, Ọlọ́run mi ó… ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé kí wọ́n dìde, mo ti dárí jì wọ́n. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n fọwọ́ pa ẹsẹ̀ náà, wọ́n ṣàdúrà fún un, wọ́n lọ.

Ọ̀túnla ni Sátidé. Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún màámi nìkan, àbí kí n jẹ́ kí ẹbí pé? Àbí kí n dákẹ́, kí n wá ilé fún Màmá Kékeré níbòmíràn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kíákíá, ẹ bú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lọ bẹ Màmá Kékeré, wọn á sì dárí jì mí. Mo mọ̀ pé wọ́n á dárí jì mí. Ìyẹn gan-an ni mi ò lè wò lójú.